Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Ojú Títì Láàárín Òṣogbo Àti Àwọn Ìlú Tó Yí Wa Ká

Sí: Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọlọ́rundá
Láti ọ̀dọ̀: Ẹgbẹ́ àwọn aláró àti aládìrẹ, Òṣogbo

Ẹ̀yin alága wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò kan àwa tó ń rẹ aṣọ láró nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún ẹrù wa lójú títì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìlú kéékèèké tó yí wa ká, ó sì ti ń padà kan Òṣogbo fúnra rẹ̀.

Àdìrẹ tí àlejò ń rà ní Òṣogbo, ọwọ́ Òṣogbo nìkan kọ́ ló ṣe é. Níbí la ti ń ra tẹ́rù, aṣọ funfun tí a ó pa láró. A óò kó o fún àwọn ìyá tó ń fi ìko dì í ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú. Òmíràn á lọ sí Ẹdẹ, fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an tàbí tó ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ sí i lára. Ìgbà tó bá padà dé ló ń wọ ìkòkò aró. Ẹrù kan ṣoṣo lè kọjá ẹnubodè ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Àwọn kan á ti na okùn tàbí pákó oníṣòó sójú ọ̀nà, wọ́n á ní ká já tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a já láàárọ̀ kò ní bá wọn lára mu nírọ̀lẹ́, èyí tí a já níbì kan kò sì jẹ́ nǹkankan níbòmíràn. Nínú Òṣogbo yìí náà, ẹni tó bá gbé ẹrù láti Igbọ̀nà lọ sí Ọjà Ọba ti inú ìjọba ìbílẹ̀ kan bọ́ sínú èkejì. A ò sọ pé ẹ̀yin lẹ rán wọn níṣẹ́. Àpò wa la mọ̀ pé owó náà ti ń jáde.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ èrè orí aṣọ, owó ẹni tó ń dì í la kọ́kọ́ ń gé. Bó bá pẹ́, a ò ní gbé iṣẹ́ lọ bá wọn mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó yẹ kó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn á kó wá sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, ilé wọn á dá páropáro, owó yàrá á sì gbówó lórí níbí. Ìyẹn ló ń dùn wá jù.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti rí irú èyí tipẹ́. Gunnar Myrdal, ará Sweden, ṣàlàyé ní 1957 pé ìlú tó ń gòkè lè mú kí aládùúgbò rẹ̀ náà là, ó sì lè fa owó àti ọ̀dọ́ wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní 1992, Robert Barro àti Xavier Sala-i-Martin ṣe ìwádìí lórí àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó rẹ̀yìn ń lé àwọn tó wà níwájú bá, àmọ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 àlàfo tó wà láàárín wọn ló ń dí lọ́dún. Ìdajì àlàfo náà yóò gba nǹkan bí ọdún 35. Níbi tí ọjà ti ń kọjá láìsí okùn lójú ọ̀nà nìyẹn o! Láti 27 oṣù kẹjọ 1991 ni Òṣogbo ti jẹ́ olú-ìlú Ọ̀ṣun. Ọ́fíìsì ìjọba, báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì dé sọ́dọ̀ wa. Àwọn aládùúgbò wa ṣì ń retí tiwọn.

Bẹ́ẹ̀, Òṣogbo mọ bí wọ́n ṣe ń là pẹ̀lú aládùúgbò. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé ibí ní 1907, ìlú tí kò ní irin ń kó ìre oko wá, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn, sì ń kó aṣọ lọ sí abúlé. Ara ilé ẹni kì í sì í jẹ kòkòrò búburú kí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ jẹ́ ká sùn lóru.

Òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998 to owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà, owó gáréèjì àti àwọn mìíràn. Òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí. A ń san owó ṣọ́ọ̀bù, a ò sì ní kọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kó okùn àti pákó wọ̀nyí kúrò kó tó di Ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, nígbà tí àlejò ń wọ́ wá sí Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Ẹ pe alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dún, tí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn alága ti Ẹdẹ sípàdé, kí owó ẹrù, bó bá jẹ́ pé dandan ni, di ẹ̀ẹ̀kan péré, níbi tí ẹrù ti gbéra, kí ìwé rẹ̀ sì gbà dé ibi gbogbo. Ẹgbẹ́ wa ṣe tán láti kọ orúkọ àwọn tó ń kó aṣọ lọ kó aṣọ bọ̀ sílẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fún wa láàyè láti wá fojú kojú bá yín sọ̀rọ̀, a óò dúpẹ́.

Àwa ni,
Alága, Ìyálájé àti Akọ̀wé ẹgbẹ́,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.