Ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa agbẹ́gilére Kétu lórí igbó àti àwọn ẹranko tí à ń pa run

Sí Olórí Kọ́múùnù Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, àti gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa tí à ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu la ní ká fi ìwé yìí kí yín, ká sì fi bẹ̀ yín.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọṣẹ́ kan nínú ìsọ̀ wa gbẹ́ akíkà sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọnà lílé rẹ̀ dára, ó dán an, ó fín in. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ tó fín sí i lára, orí ló kọjú sí dípò ìrù. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bi í, ó ní òun kò rí akíkà rí, inú fóònù lòun ti wò ó. Ọmọ ogún ọdún ni, Kétu níbí ni wọ́n sì bí i sí. Ọ̀gá rẹ̀ kò lè bá a wí, torí ó ti pẹ́ tí òun alára ti rí ọ̀kan láàyè gbẹ̀yìn.

Akíkà kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ikán àti èèrà ni oúnjẹ rẹ̀, kò tilẹ̀ ní eyín. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bí òṣùká. Ẹranko ńlá lè máa yí i kiri títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èèyàn á kàn gbé e sínú àpò ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìdí ìrù ìyá lọmọ náà á sì dì mọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Àwọn ìyá wa la ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ júbà fún. Báwo la ṣe wá ń pa abiyamọ tòun tọmọ ẹ̀yìn rẹ̀? Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka títa akíkà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Ìjọba wa náà ti ní òfin ẹranko igbó láti 2004.

Igún ńkọ́? Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Lónìí, orí igún gbígbẹ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Igún tó máa ń bà sí ilé ìpẹran nígbà èwe wa, láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá.

Ti igi ló wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀mọ̀ àti ahùn la fi ń gbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, torí orí ni oníjó ń gbé e lé, kò gbọdọ̀ wúwo. Èjìwàpọ̀ sì ni, méjì méjì ní í jáde. A máa ń fẹ́ kí igi kan náà bí méjèèjì. Nígbà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ń kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn débi tí irú igi bẹ́ẹ̀ wà. Alùpùpù la fi ń wá a báyìí, ọjọ́ kan kì í sì í tó. Ẹ̀rọ agégi ti wọ gbogbo ibẹ̀, èédú ń lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, igi tíkì tí wọ́n ń gbìn tà sì ti gba àyè igbó. A kò kórìíra tíkì, owó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ abẹ́ tíkì lọ́wọ́ àárọ̀ kẹ́ ẹ dẹtí sílẹ̀ fún ẹyẹ: ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó máa gbọ́.

A kò ní ọwọ́ wa mọ́. Àwa náà ń gé igi, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbin ọ̀kan rọ́pò. Àwọn obìnrin tó ń sun èédú, aya wa àti àbúrò wa ni, òun ni wọ́n fi ń san owó iléèwé ọmọ. Nítorí náà a kò ní kẹ́ ẹ máa lé wọn kiri; a ní kẹ́ ẹ bá wọn wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi jẹun. Ní 2019, àjọ àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ IPBES sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 irú ẹranko àti ewéko ló wà nínú ewu ìparun láyé. Bí ọmọ ènìyàn ṣe ń sọ ilẹ̀ igbó di nǹkan mìíràn ni wọ́n fi ṣáájú nínú ohun tó fà á lórí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èyí fún wa ní ìpàdé, kò sẹ́ni tó jiyàn, torí ojú wa ló ṣe.

Ohun tó jẹ wá lógún jù ni igbó Orò àti igbó òrìṣà tó ṣẹ́ kù. Láti 2012 ni àṣẹ ìjọba ti wà lórí àbójútó igbó òrìṣà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán òṣìṣẹ́ yín kí wọ́n bá àwọn onígbó wọn ààlà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní méèrì, ọ́fíìsì kọ́múùnù, kí ẹnikẹ́ni má baà tà á lóru. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa yẹ ọkọ̀ èédú àti ọkọ̀ igi wò. Ní ọjọ́ igi, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ẹ fi ọ̀mọ̀, ahùn àti ìrókò kún èyí tí ẹ ń pín. Ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀, àwa ni yóò máa bomi rin ín: a ti fẹnu kò pé ọmọṣẹ́ kankan kò ní gbòmìnira mọ́ láìgbin igi mẹ́wàá kó sì hù.

Ẹ dá ọjọ́ fún wa ká wá rí yín. Akíkà tí ọmọ yẹn gbẹ́ ṣì wà nínú ìsọ̀, a kò tún un ṣe. A ó gbé e wá kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i.

Àwa ni tiyín,
Alága, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ agbẹ́gilére, Kétu