Páálí Géèmù Olówó Gọbọi Tí Kò Ní Géèmù Nínú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi kí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó wá bu epo sí i. Àwọn tó ń ta géèmù àkànṣe fún wa ní Ìkòròdú níbí ń gba owó géèmù lọ́wọ́ wa, páálí ni wọ́n ń gbé fún wa lọ sílé. Páálí lásán! Kò sí sídì nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbá géèmù ti mọ ibi tí mò ń lọ. Collector's edition ni mò ń wí, páálí ràgàjì tí wọ́n máa ń to ère, ìwé àwòrán, máàpù àti ohun ọ̀ṣọ́ lóríṣiríṣi sí, tí owó rẹ̀ fi máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye tí wọ́n ń ta géèmù náà nìkan.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ géèmù ṣe ni mò ń jẹ ní Ìta-Ẹlẹ́wà. Padì tí a ń fọwọ́ mú gbá géèmù tó ti kú, ẹ̀rọ tí iná Nẹ́pà ti sun, èyí tí aáyán ti fi ṣe ilé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Mo mọ ọjà yìí, mo sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi oníṣòwò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, mo rí páálí àkànṣe kan tí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá. Kí n tó mú owó jáde, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé ṣé sídì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún fẹ́ wà nínú ẹ̀? Ẹ gbé e wò, ẹ wo bó ṣe wúwo tó." Mo gbé e wò, ó wúwo lóòótọ́. Mo sanwó.

Nígbà tí mo délé tí mo tú u, mo bá àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ya àwòrán aláràbarà sí lára, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sídì sí. Mo ṣí i. Ojú ibi róbótó tí sídì ń jókòó sí wà níbẹ̀, eyín kéékèèké àárín tó ń di sídì mú wà níbẹ̀ digbí, òfìfo sì ni. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí bébà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n tẹ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i. Kóòdù nìyẹn. Kí n lọ fi í wa géèmù náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ kóòdù náà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, nítorí pé ti ilẹ̀ Yúróòpù ni, orúkọ Amẹ́ríkà ni mo sì fi ṣí àkáǹtì tèmi. Orílẹ̀-èdè wa kò sí lára èyí tí àwọn tó ni ẹ̀rọ géèmù PlayStation ń jẹ́ ká mú nígbà tí a bá ń ṣí àkáǹtì, orúkọ ìlú onílùú la máa ń fi ṣí i, gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù níbí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ère inú páálí náà ńkọ́? Idà ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, ojú ìka onítọ̀hún ṣì hàn gbangba lórí gúlúù tó ti gbẹ.

Mo gbé e padà lọ. Ọmọkùnrin yẹn wojú mi, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n bá ti tú.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí o kò bá tú u, o kò lè mọ̀ pé kò sí sídì nínú rẹ̀. Bí o bá tú u, wọn ò ní gbà á padà. Ìwà jìbìtì gbáà ni. Kì í sì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ẹ̀bútè gbé tirẹ̀ wá bá mi, ó rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́ tí kò fi rí géèmù kà, ó ti da owó àjọ rẹ̀ sínú páálí náà. Bàbá kan láti Ágíríìkì ra tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó yege ìdánwò wáẹ̀kì, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun tí àgbàlagbà ń fowó ra ère fún kò yé òun. Ohun tó ń bẹ nínú páálí yìí níye lórí púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ní ìwé àwòrán kan nínú ọ̀kan tí mo ti rà tipẹ́, ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹranko kan ṣoṣo hàn ní oríṣiríṣi ìrísí, kí àwọn ayàwòrán tó fẹnu kò sórí èyí tí a rí nínú géèmù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń jókòó ti ojú ewé yẹn nígbà tí kò bá sí iná, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sẹ́yìn rìsíìtì. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ tún wà níbẹ̀, ìlú tí mo ti fi padì rìn já wà lára rẹ̀ pẹ̀lú odò àti òkè. Lọ́dún 2007, àṣíborí jagunjagun inú géèmù ni wọ́n fi sí páálí àkànṣe ti géèmù Halo 3. Lọ́dún 2015, ti géèmù Fallout 4 ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́, tí èèyàn lè fi fóònù rẹ̀ sí àárín rẹ̀ kó sì máa fi wo ohun tó ń lọ nínú géèmù. Inú èèyàn á dùn pé òun di nǹkan bẹ́ẹ̀ mú. Ìdí rèé tó fi ń dùn mí pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń ba ìfẹ́ náà jẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù gan-an kò ṣeé yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2022, páálí àkànṣe géèmù God of War Ragnarök jáde ní 200 dọ́là, àwòkọ òòlù Thor, òrìṣà inú géèmù náà, wà nínú rẹ̀, àpótí irin ti sídì wà nínú rẹ̀, sídì ni kò sí. Ti Spider-Man 2 tẹ̀ lé e lọ́dún 2023 ní 230 dọ́là, kóòdù náà ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni ti Starfield jáde ní 300 dọ́là, aago ọwọ́ ńkọ́, ó wà, àpótí irin ńkọ́, ó wà, sídì kò sí. Àwíjàre tí mo máa ń gbọ́ ni pé láti 2020 tí PlayStation 5 ti jáde ni irú rẹ̀ kan ti wà tí kò ní ojú ibi tí a ń ki sídì bọ̀, pé kóòdù ló máa bá gbogbo èèyàn mu. Ta ló wá ní kí wọ́n ṣe àpótí sídì fún ohun tí kò ní sídì? Bí ìgbà tí èèyàn ra ẹmu tó bá agbè gbígbẹ, tí wọ́n wá fi ìwé sínú agbè náà pé ọ̀pẹ wà lójú ọ̀nà Ẹpẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ: àwọn ilé iṣẹ́ yìí kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé kóòdù ni. Àwọn tó kó o wọlé síbí mọ̀. Àwọn tó ń tà á fún wa ló ń fi pa mọ́.

Ọ̀rọ̀ sídì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbí. Géèmù ńláńlá ìsinsìnyí máa ń sún mọ́ 100 GB, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹ ro iye dátà tí èèyàn máa rà, ẹ ro epo jẹnẹrétọ̀ tó máa jó kí ó tó wọlé tán. Lẹ́yìn èyí, sídì ni owó wa. Bí mo bá gbá géèmù kan tán, mo lè tà á, mo lè fi pààrọ̀ òmíràn, mo lè yá ọmọ àbúrò mi. Lórí káńtà mi ni àwọn ọmọ ti ń ṣe pààrọ̀ sídì lọ́jọ́ Sátidé, òmíràn kò san ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lórí èyí tó mú wá. Kóòdù ńkọ́? Tí a bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kò ṣeé tà, kò ṣeé yá, kò ṣeé jogún.

Ẹ sì wo owó tó ń bá a lọ. Kí ìjọba tó fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa sọ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní bánkì. 200 dọ́là nígbà náà kò tó 100,000 náírà. Nígbà tí dọ́là fi wá dé 1,500, ó di 300,000, kí a tó ka owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò mọ́ ọn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000. Èèyàn á kó owó tó ju oṣù mẹ́rin irú rẹ̀ lọ, páálí tí kò ní sídì ni wọ́n máa fi san án fún un!

Níbòmíràn, oníbàárà máa ń pariwo, wọ́n sì ń dá a lóhùn. Lọ́dún 2018, ìpolówó páálí Fallout 76 tó jẹ́ 200 dọ́là ṣèlérí báàgì kánfáàsì, báàgì náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni àwọn èèyàn bá nínú rẹ̀. Owó inú géèmù tí kò ju dọ́là 5 lọ ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọn ò gbà, wọ́n pariwo títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà láti rán báàgì kánfáàsì fún wọn. Páálí onírin ti Halo 3 tí sídì ń já bọ́ nínú rẹ̀ tó sì ń ha ara rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Microsoft fi pààrọ̀ sídì fún àwọn tó kàn. Ta ni àwa máa pariwo fún ní Ìkòròdú?

Àwọn tí ìjọba ń sanwó oṣù fún kí wọ́n dáàbò bo oníbàárà ń bẹ. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 ń bẹ, ó sì sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n fi júwe rẹ̀ mu, pé oníbàárà lè dá ọjà tó lábùkù padà. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í jáde. Ìgbà ọdún Kérésì la máa ń rí wọn lójú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń gbé páálí bisikíìtì tó ti kọjá àsìkò sókè. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bí o bá mú ọ̀rọ̀ géèmù tọ̀ wọ́n lọ, wọn á ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ohun ìṣeré ọmọdé wo ló ń jẹ́ 300,000 náírà?

Ohun tí mo fẹ́ kò le, kò sì ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n máa lẹ ìwé kan mọ́ ìta páálí àkànṣe kọ̀ọ̀kan kí ó tó dórí àtẹ. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: sídì wà nínú rẹ̀, tàbí sídì kò sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ kóòdù, kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè tí kóòdù náà wà fún. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe ère, báàgì tàbí aago inú rẹ̀. Kí oníṣòwò fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó fi ẹ̀dà kan sínú rìsíìtì. Bí ohun tó wà nínú páálí bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, kó dá owó padà lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti tú u. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò pé ká kàn máa tú páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń kó páálí yìí jọ kì í fẹ́ kí wọ́n já ọ̀rá ara rẹ̀, ó ń dín iye rẹ̀ kù. Ìwé tí mo wí yìí kò ní já ọ̀rá kankan. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò lè fi ṣe òfin láàárín ara wọn láìdúró de ìjọba, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá tàpá sí i. Àwọn tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp náà lè ya fọ́tò ìwé náà mọ́ ọjà wọn.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ géèmù dá sídì padà sínú páálí. Kí àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Ìkẹjà sí Ìkòròdú yéé fi páálí ère sábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì.

Mo ti tẹ àpẹẹrẹ ìwé náà sílẹ̀, ojú ewé kan péré ni. Oníṣòwò tó bá fẹ́ lò ó ní Sábó tàbí níbikíbi ní Ìkòròdú, kó yà lọ́dọ̀ mi kó wá gba tirẹ̀. Mi ò ní gba owó kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúngéèmùṣe,
Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.