Káàdì ẹgbẹ́ nìkan kò tó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà gbà pé bí ọmọ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ USA Volleyball, ẹgbẹ́ tó ń darí fọ́líbọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè náà, ẹgbẹ́ yìí ni yóò san gbogbo owó ìtọ́jú bó bá ṣèṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adójútòfò ìlera ti ìdílé ọmọ ni yóò kọ́kọ́ san. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni adójútòfò tẹgbẹ́ yóò wò. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé tí adójútòfò yín fi ṣàlàyé ohun tó san àti èyí tí kò san. Láìsí i, ìwé tí ẹ fi béèrè owó yóò kàn dúró sójú kan ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ni, ibi ìdánrawò gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹ gba ọmọ tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ wọlé pé kó gbìyànjú díẹ̀, ó fò, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lábẹ́ àwọ̀n, ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Ta ni yóò san? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Bí ẹ bá sì yá gbọ̀ngàn, ẹ tètè béèrè ìwé ẹ̀rí adójútòfò tó dárúkọ onígbọ̀ngàn, kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ síta.

Àwa olùkọ́ni fọ́líbọ́ọ̀lù,
Houston