Ta Ni Kí N Rò Ó Fún?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ìjọ tí mo ń bójú tó nígbà náà, bàbá àgbàlagbà kan pàdánù ìyàwó wọn. A sin òkú tán, ẹbí tú ká, ó wá ku bàbá nìkan nínú ilé. Mo lọ kí wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí mo ṣe ń jókòó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: “Pásítọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀…” Mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní, “Bàbá, ẹ má rò ó mọ́. Ẹ ò dá wà, Jésù ń bẹ pẹ̀lú yín.” Mo gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, mo sì dìde, nítorí pé ìpàdé mìíràn ń dúró dè mí.

Mo ní kí wọ́n má rò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ rírò ni wọ́n fẹ́ rò ó fún mi.

Ìwé ìtàn ló fi ara mi hàn mí. Anton Chekhov, dókítà ará Rọ́ṣíà tó tún ń kọ̀wé, kọ ìtàn kúkúrú kan ní 1886, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Iona Potapov ni, tó ń fi ẹṣin fa ọkọ̀ kékeré lórí òjò dídì, tó ń gbé èrò kiri ìlú Petersburg. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọ náà lò ní ilé ìwòsàn.

Ọ̀gá ológun kan wọ ọkọ̀. Iona yíjú padà, ó sọ fún un pé ọmọ òun kú. Ológun béèrè pé kí ló pa á. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo ní ó ti rí ẹni tó máa gbọ́. Àfi bí ìdíwọ́ ṣe dé lójú ọ̀nà, ni ológun bá ní kó máa sáré lọ, pé bí wọ́n ṣe ń rìn yìí, ọ̀la ni wọ́n máa débẹ̀. Ó sì di ojú. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta wọ ọkọ̀, wọ́n ń pariwo. Iona tún sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé, gbogbo wa la máa kú.

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn yẹn dùn mí dé egungun, torí èmi náà ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀fọ̀ láìmọye ìgbà. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni à ń fi tì mọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Chekhov jẹ́ ká mọ ohun tí Iona ń wá gan-an. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ó fẹ́ rò ó létòlétò: bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ ṣe jẹ̀rora, ohun tí ó sọ kó tó kú, bí ìsìnkú ṣe lọ, bí òun ṣe lọ gba aṣọ ọmọ ní ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mí kanlẹ̀, kó ṣe “háà”. Kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní òru, ó bá ọ̀dọ́ awakọ̀ kan tó jí mu omi sọ̀rọ̀, ìyẹn fi aṣọ bo orí, ó padà sùn. Níkẹyìn, Iona lọ bá ẹṣin rẹ̀ níbi tó so ó mọ́. Ó bi í pé, ká ní ìwọ lo bí ọmọ, tí ọmọ náà sì kú lójijì, ṣé kò ní dùn ọ́? Ẹṣin ń jẹun, ó ń gbọ́, ó ń mí sí i lọ́wọ́. Iona sì rò ó tán fún ẹṣin.

Ìlà kan wà ní òkè ìtàn náà, láti inú orin ẹ̀mí àtijọ́ kan tí àwọn ará Rọ́ṣíà fi sí Jósẹ́fù lẹ́nu: ta ni kí n rò ìbànújẹ́ mi fún? Jósẹ́fù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà ni. Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 42:21. Nígbà tí ìyọnu dé bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyẹn ní Íjíbítì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò dárúkọ owó tí wọ́n gbà. Ohun tí wọ́n rántí ni pé Jósẹ́fù ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò sì gbọ́.

Ẹsẹ kan wà tí a ti há mọ́ ibi ìgbéyàwó. Jẹ́nẹ́sísì 2:18: “Kò dára kí ọkùnrin náà kí ó nìkan máa gbé.” Ẹ wo ìgbà tí Ọlọ́run sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì wọ ayé, Ádámù kò tíì sá pamọ́ fún Ọlọ́run, ohunkóhun kò tíì bàjẹ́ láàárín wọn. Gbogbo orí kìíní ni Ọlọ́run ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń rí i pé ó dára. Ìdáwà ni ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́ pé kò dára. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wà pẹ̀lú Ádámù, síbẹ̀ Ọlọ́run kò ní, “Ṣé èmi nìkan ò tó ọ ni?” Ó wá ẹnìkejì fún un. Nígbà tí a bá wá ń sọ fún opó, tàbí ọ̀dọ́ tó ń dá gbé, tàbí ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ jìnnà, pé bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá lágbára kò ní nílò ẹnikẹ́ni, ta la ń bá jiyàn? Jésù pàápàá, ní Gẹtisémánì, ní kí àwọn mẹ́ta dúró, kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Wọ́n sùn lọ, ó sì dùn ún, ó bi wọ́n léèrè.

Ìwé mìíràn tí n kò lè gbójú fò ni èyí tí Mary Shelley kọ, tí ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1818, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni 20 ọdún. Frankenstein ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ ọ́n nínú fíìmù rò pé orúkọ ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ nìyẹn. Rárá o, orúkọ ọkùnrin tó dá a ni. Ẹ̀dá yẹn kò lórúkọ kankan. Ẹni tó dá a wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù bà á, ó sá, kò sì sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀dá náà wá ibi sá pamọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹbí kan. Ó ń yọjú wò wọ́n láti ojú ihò tín-ínrín, ó ń fetí kọ́ èdè wọn. Ó rí i pé wọ́n tálákà, ó wá ń lọ ṣẹ́gi lóru, ó ń kó o wá fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá igi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa yìn “ẹ̀mí rere” tó ṣe é. Nígbà tó yá, ó yan ọjọ́ kan tí bàbá àgbà ilé náà nìkan wà nílé, ó wọlé lọ bá a. Afọ́jú ni bàbá yìí. Ó ní kó jókòó, ó sì fi pẹ̀lẹ́ gbọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láìkọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ dé, èyí ọkùnrin inú wọn sì fi igi lù ú, ó sá jáde.

Ó padà pa èèyàn, n kò sì ní gbè é nídìí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ó burú dé ibẹ̀, ẹnìkejì kan ṣoṣo ló ń tọrọ. Igi tí ó ń kó wá lóru sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú ilé Ọlọ́run yìí, a máa ń bá àga tí wọ́n ti nù, a máa ń bá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. À ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé tó mọ́. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ àwọn tó ń ṣe é, tàbí ilé tí wọ́n ń padà sí lẹ́yìn ìsìn, tàbí bóyá ẹnì kan ń kí wọn káàbọ̀ níbẹ̀?

Robinson Crusoe, tí Daniel Defoe kọ ní 1719, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọdún 28 ni Crusoe inú ìwé náà, tí ọkọ̀ rì mọ́ lábẹ́, lò ní erékùṣù. Ó kọ́ ayékòótọ́ kan láti máa pe orúkọ rẹ̀, kó lè gbọ́ ohùn tó ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó rí ipasẹ̀ ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo nínú iyanrìn, ṣe ló sá lọ sílé, oorun ò sì kùn ún. Ẹni tó ti dá wà pẹ́ lè máa bẹ̀rù ohun tí ó ń wá gan-an. Ẹ má bínú sí ẹni tí ẹ pè tí kò dáhùn, ẹ tún pè é. Ohun kan wà nínú ìwé náà tí n kò fara mọ́: nígbà tí Crusoe rí ẹnìkejì tán, “Ọ̀gá” ló kọ́ ọ láti máa pe òun. Ẹrú ló ń lọ kó nígbà tí ọkọ̀ rì mọ́ ọn lábẹ́, ìwà náà kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ kó máa sìn wá kò lè jẹ́ alábàárò wa.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti Silas Marner, torí pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni. George Eliot ló kọ ọ́, ní 1861. Ahunṣọ ni Silas, ó wà nínú ìjọ kékeré kan tó gbóná nínú àdúrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ fi ẹ̀sùn olè kàn án, èké ni. Ìjọ kò wádìí rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké sì mú Silas. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya sì lọ fẹ́ ọ̀rẹ́ yẹn. Ó kó lọ sí abúlé tí kò mọ ẹnì kankan. Fún ọdún 15, ó ń hunṣọ lọ́sàn-án, ó ń ka owó wúrà rẹ̀ lálẹ́. A lè pè é ní ahun, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: owó yẹn nìkan ni ojú tí ó mọ̀.

Wọ́n jí owó náà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dolly Winthrop ń yà kí i pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré. Dolly kò mọ̀wé, kò sì lè ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tirẹ̀ dáadáa. Ó kàn ń wá ni. Nígbà tó di alẹ́ tí ọdún ń parí lọ, ọmọdébìnrin kan rá wọlé láti inú òjò dídì níbi tí ìyá rẹ̀ kú sí, ó sùn síwájú iná Silas. Ojú Silas kò ríran dáadáa. Ó rò pé wúrà òun ló padà dé, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan irun rírọ̀. Ó sọ ọmọ náà ní Hefsiba, orúkọ ìyá òun Silas fúnra rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ ó rí orúkọ yẹn nínú Aísáyà 62:4, níbi tí Olúwa ti fún ìlú tí wọ́n ń pè ní “Ìkọ̀sílẹ̀” ní orúkọ tuntun.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Silas mú ọmọ náà padà lọ sí ìlú àtijọ́. Ó fẹ́ bi àwọn ará ìjọ yẹn bóyá òtítọ́ ti hàn sí wọn. Ilé ìjọsìn kò sí mọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bi, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé, “Má bínú.”

Mo ti ń wo ìwé orúkọ ìjọ wa láti ọjọ́ Ajé. Mo rí orúkọ àwọn tí a kò rí mọ́. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí díẹ̀ nínú wọn, mo sì mọ ipa tí ẹnu wa kó níbẹ̀. Ilé ìjọsìn tiwa ṣì wà lórí ìdúró. Èmi àti àwọn alàgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A kò ní mú ìwé àṣẹ́kù owó ìjọ dání, a kò sì ní bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó rí mi. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun gan-an ni kò rí ẹni rò ó fún, kó má dúró títí a ó fi débẹ̀. Mo wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ lẹ́yìn gbogbo ìsìn. Mo ti kó àwọn ìpàdé ibẹ̀ lọ sí ọjọ́ mìíràn.

Ní ti bàbá yẹn, ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó padà lọ. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ ìjọ, wọ́n ń béèrè ọmọ mi. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ ní màmá ní orí ń fọ́ àwọn díẹ̀.” Wọ́n dákẹ́, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.