Ẹsẹ̀ Kílámpù Tó Ń Yí

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn wẹ́dà Ìbàdàn. Kílámpù, irin tí a fi ń di pákó mú, tí wọ́n ń ṣe fún àwa káfíńtà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu bóòtù lásán ló ń kan pákó. Bí a ti ń fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń gé ojú pákó jẹ, tó sì ń ti iṣẹ́ kúrò láyè rẹ̀. Ẹni tó ti fá ọ̀gánwó títí tó fi ń dán ló mọ bó ṣe ń dunni!

Ẹsẹ̀ tó ń yí la fẹ́ lẹ́nu bóòtù náà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí yóò máa kan pákó, bí itan ṣe ń yí nínú ìbàdí. Kí wọ́n fi léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin bí a ti ń gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹnu bóòtù náà roboto, kí ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín, torí ọrùn tó bá ki kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò inú ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn ju ìdajì orí roboto náà lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi òòlù lu etí ihò wọlé díẹ̀díẹ̀ yí ká, kó má baà yọ. Wọn ò gbọdọ̀ lù ú pa o, ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi ìka yí. Gíríìsì díẹ̀, ó parí.

Àwọn kan ń jó bọ́ọ̀lù bẹ́rìn tí wọ́n rà ní àdúgbò Gate n'Ìbàdàn mọ́ bóòtù. Irin yẹn le jù, ibi tí wọ́n ti jó o máa ń sán. Ẹ fi iná mú un pọ́n, kí ẹ rì í sínú eérú kó tutù jẹ́jẹ́, á rọ̀ débi tí ẹ fi lè lu ihò tí ẹnu bóòtù á wọ̀ sí i.

Wẹ́dà tó bá lè ṣe é, kó wá bá wa ní ọjà pákó Bódìjà. Owó ń bẹ nílẹ̀.

Èmi ni,
Káfíńtà kan, Bódìjà, Ìbàdàn.