Òdòdó fún abẹ́ igi: lẹ́tà sí Ìyá Tọ́lá

Kent, England
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kìíní

Ìyá Tọ́lá mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni ìwọ, Bàbá Tọ́lá àti àwọn ọmọ wà? Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Mo rí fọ́tò ẹ̀yìnkùlé yín ní Maryland tí o fi ránṣẹ́. O ní kí ni èèyàn lè gbìn sábẹ́ igi óákù ńlá méjì yẹn tí kò ní kú, tí kò sì ní di oúnjẹ àgbọ̀nrín. Hosta tí wọ́n ní kí o gbìn yẹn fẹ́ràn ibòji lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín fẹ́ràn hosta náà. Òdòdó tí wọ́n ń pè ní hellebore ni kí o gbìn. Májèlé wà nínú ewé rẹ̀, àgbọ̀nrín kì í sábà fẹnu kàn án. Bí a bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń lò níbẹ̀, ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà òtútù, ó sì ń tanná láti nǹkan bí Oṣù Kejì títí wọ Oṣù Kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ tó kù ṣì wà ní ìhòòhò.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo ń sọ ni Helleborus × hybridus. O lè bá orúkọ Lenten rose lára ìkòkò rẹ̀ ní ilé ìtajà. Àdàlù ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oríṣi hellebore tí wọ́n ń pè ní orientalis, tó ń hù fúnra rẹ̀ ní Turkey àti ní agbègbè òkè Caucasus. Ní 2005, ẹgbẹ́ Perennial Plant Association níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín mú un gẹ́gẹ́ bí òdòdó ọdún náà, wọn ò sì ṣìnà. Yàgò fún oríṣi tí wọ́n ń pè ní niger, ìyẹn Christmas rose aláwọ̀ funfun, ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó lẹ́jọ́ púpọ̀.

Má ṣe rà á nínú fọ́tò. Ara kóró ni wọ́n ti hu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìkòkò méjì tí orúkọ kan náà wà lára wọn lè má jọra. Lọ síbẹ̀ ní Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta nígbà tí wọ́n bá ti tanná, fi ìka gbé ojú òdòdó náà sókè kí o wo inú rẹ̀: funfun wà, pupa wà, àwọ̀ elése àlùkò wà, yẹ́lò wà, òmíràn dúdú díẹ̀, òmíràn ní tóótòòtó nínú. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o gbé. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, yẹ ewé tuntun rẹ̀ wò. Bí o bá rí ìlà dúdú tó ń tẹ̀lé iṣan ewé, fi í sílẹ̀, bó ti wù kí òdòdó rẹ̀ dára tó. Màá sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Nísinsìnyí, ibòji. Ibòji ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibòji ló ń pa hellebore. Omi tó dúró sí i nídìí àti orí rẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ jù ló ń pa á. Óákù yín gan-an ló bá a mu: ó ń wọ́wé, oòrùn á ráyè kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù tí hellebore ń rúdí, tí ooru bá wá dé, ewé óákù á ṣíji bò ó. Lábẹ́ igi tí kì í wọ́wé, tí ibẹ̀ ṣókùnkùn tọ̀sán-tòru, kò ní kú, àmọ́ ewé ni wàá máa wò, òdòdó rẹ̀ ò ní tó nǹkan.

Ilẹ̀ amọ̀ tí o ń ráhùn lé lórí kò burú, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Gbẹ́ ihò kan tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, rọ omi kún un, jẹ́ kó fà tán, kí o tún rọ òmíràn sí i. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ibẹ̀ kọ́ ni. Wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Ibẹ̀ tilẹ̀ dára jù, torí òdòdó yìí máa ń dorí kodò. Bí ó bá wà lókè tí ìwọ wà nísàlẹ̀, wàá rí ojú rẹ̀ láìtẹ̀ba. Má da yanrìn sínú amọ̀ o! Ṣe ló máa le koko bíi bíríkì. Kọ́ńpóòsì tàbí ewé jíjẹrà ni kí o lò, bíi lítà mẹ́wàá fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí o pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ewé óákù tí ẹ ń gbá dànù yẹn, kó wọn sínú àpò ọ̀rá, rọ omi díẹ̀ sí i, dá ihò sí àpò náà lára, kí o gbàgbé rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan fún ọdún kan sí méjì. Kò sí ajílẹ̀ tí hellebore fẹ́ràn tó o.

Kò fẹ́ kí ilẹ̀ kan jù. pH (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) 6.5 sí 7.5 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ yín sì sábà máa ń kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yẹ ilẹ̀ wò kí o tó da láìmù sí i, má fojú díwọ̀n.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbìn, ri ìkòkò rẹ̀ sínú omi títí afẹ́fẹ́ kò fi ní máa jáde nínú rẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí ihò jìn tó ìkòkò, kí ó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Fi ìka tú gbòǹgbò tó bá ti lọ́ra wọn yíká. Orí rẹ̀, ìyẹn ibi tí igi ewé àti gbòǹgbò ti pàdé, gbọ́dọ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ní ilẹ̀ amọ̀, jẹ́ kó yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, torí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń rọ̀ wálẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rì jù kò ní tanná dáadáa, ó sì lè jẹrà láti orí. Fi 45 sí 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ọ̀kan àti èkejì. Ìwọ̀n yẹn náà ni yóò fẹ̀ tó bó bá dàgbà. Bí ṣọ́bìrì bá kan gbòǹgbò óákù tó nípọn ju àtàǹpàkò rẹ lọ, má gé e, sún ihò sí ẹ̀gbẹ́. Má sì kó iyẹ̀pẹ̀ jọ lé gbòǹgbò igi láti fi ṣe ebè gíga: gbòǹgbò óákù nílò afẹ́fẹ́, ó lè tibẹ̀ kú.

Ọdún kìíní ni iṣẹ́ wà, torí óákù ló ń kọ́kọ́ mu omi kí ẹnikẹ́ni tó mu. Bí òjò kò bá rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, rọ bíi lítà márùn-ún sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wọlẹ̀ dáadáa. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò ṣe é lóore, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń rin. Láti ọdún kejì lọ, ìgbà ọ̀dá nìkan ni. Fi kọ́ńpóòsì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tẹ́ ilẹ̀ yí i ká nígbà ìwọ́wé, kí o fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ ní orí rẹ̀. Ewé óákù tó bá já lé e lórí, kó o kúrò. Ajílẹ̀ tí Bàbá Tọ́lá ń fọ́n sí koríko iwájú ilé, jọ̀ọ́, kí ó má dé ibẹ̀. Ewé á tóbi, á rọ̀, àrùn á sì tètè mú un.

Gígé ewé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun sì ni mo fẹ́ kí o di mú jù. Ní Oṣù Kìíní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì, kí ìrudi tó ga, gé gbogbo ewé ọdún tó kọjá sílẹ̀ láti ìdí. Á dà bíi pé o hùwà ìkà, ṣùgbọ́n ewé tuntun ń bọ̀ lẹ́yìn òdòdó. Ara ewé àtijọ́ yẹn ni àrùn tó ń ṣe ewé ní ààmì dúdú roboto ń sá pamọ́ sí, tí òjò á fi ta á sára ìrudi tuntun. Sínú ike ìdọ̀tí ni kí o kó o, kì í ṣe sínú kọ́ńpóòsì. Ṣọ́ra o: oríṣi hellebore méjì mìíràn, foetidus àti argutifolius, kò gba irú gígé yìí, torí orí igi ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń tanná. Tìwọn, ó di ìgbà tí òdòdó bá tán.

Bí òwúrọ̀ kan bá tutù gan-an, wàá bá gbogbo rẹ̀ tó wó lulẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Má gé e, má da omi gbígbóná sí i. Tí oòrùn bá yọ, á dìde.

Ààmì roboto yẹn kì í pa hellebore bí o bá ń gé e kúrò. Èyí tó ń pa á ni ìlà dúdú tó ń tẹ̀lé iṣan ewé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á: ewé tuntun á ràn, á dúdú, igi náà á kúrẹtẹ̀. Kò sí oògùn rẹ̀. Wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí o sọ ọ́ nù. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé ni wọ́n gbà pé ó ń gbé e láti ọ̀kan dé òmíràn, nítorí náà bí o bá rí wọn nínú òdòdó, fi omi ṣàn wọ́n dànù. Nu sísọ́ọ̀sì rẹ pẹ̀lú sípírítì láti ìdí kan sí òmíràn pẹ̀lú.

Òdòdó rẹ̀ máa ń pẹ́ lórí nítorí pé ohun tí a rí bíi petal yẹn, ewé tó ń bo ìrudi ni. Kì í tètè já, àwọ̀ ewé ló ń yí sí. Bí Oṣù Karùn-ún bá ń parí lọ, kóró dúdú á máa já bọ́. Bí o bá fẹ́ gbìn wọ́n, gbìn ín lójú ẹsẹ̀ sínú ìkòkò, fi í síta, kí ó rí ooru kí ó sì rí òtútù. Á hù nígbà òtútù. Kóró tó ti gbẹ lè gbà ju ọdún kan lọ. Òdòdó àkọ́kọ́ máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún kẹta, kò sì dájú pé á jọ ìyá rẹ̀. Bí èyí tó jọ ìyá ni o fẹ́, Oṣù Kẹsàn-án ni kí o wú ìyá jáde, fi omi fọ gbòǹgbò rẹ̀, fi ọ̀bẹ mímú là á, kí ìrudi méjì tàbí mẹ́ta wà lára ìpín kọ̀ọ̀kan. Á bínú fún ọdún kan. Kò pọn dandan láti pín in rárá, èmi ò tilẹ̀ rí ìdí rẹ̀ bí kò bá ṣe pé ẹnìkan tọrọ.

Wọ ìbọ̀wọ́ bí o bá ń gé e, omi ara rẹ̀ ń jó awọ ara. Kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n má fi sẹ́nu. Bí Màmá bá sì tilé wá kí yín, kí o yáa tètè sọ fún wọn pé ewé yìí kì í ṣe ti àgbo, kì í sì í ṣe ti ọbẹ̀. O mọ̀ pé wọn kì í rí ewé tútù kí wọ́n má já a wò.

Mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ rà. Wọ́n á gba bíi mítà kan ààbọ̀ ní gígùn. Wọn ibẹ̀ kí o tó lọ, kí o sì fi fọ́tò ewé èyí tí o bá rà ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbìn ín. Bá mi kí Bàbá Tọ́lá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́