Ẹ Wo Inú Kọ̀ǹpútà Yín Kí Ẹ Tó Tà Á Ní Gbàǹjo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Pánsẹ́kẹ́ títí dé Kútọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni pé Windows 7 ti kú, Windows 10 náà ti tẹ̀ lé e, kí oníkálùkù lọ ra láptọ́ọ̀pù mìíràn. Àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù ló ń sọ ọ́ jù. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ní owó pọ́ọ́kú ló ṣì wúlò dáadáa.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí gbogbo ìkànnì bá ń sọ pé ààbò kò sí, ẹ wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá ti padà sí 2009 tàbí 2012, Windows kọ́ ló kú, bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù ni, èyí tí wọ́n kọ CR2032 sí lára. Gbogbo ìkànnì ló ní ìwé ẹ̀rí, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó bá rò pé 2009 la wà yóò sọ pé ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bátìrì yìí máa ń tètè kú, torí pé nígbà tí iná bá lọ, òun nìkan ló ń gbé aago. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ tún ọjọ́ tò. Ti láptọ́ọ̀pù mìíràn ní wáyà. Ẹ má fà á já.

Bí aago bá pé, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver, kí ẹ tẹ Enter, yóò sọ irú Windows tí ẹ ní. Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020, ti 8.1 ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2023. Chrome 109, ti Google tí a fi ń ṣí ìkànnì, ló kẹ́yìn fún méjèèjì. N kò bá Google jà lórí ìyẹn: bí ihò bá wà nínú Windows fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ṣe é kò dí i mọ́, ilẹ̀kùn irin lára ògiri tó ti là ni Chrome tuntun yóò jẹ́. Firefox 115 ESR, ti Mozilla tí òun náà ń ṣí ìkànnì, dúró ti Windows 7 pẹ́ ju Chrome lọ, ó sì ń gbé àkójọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kiri, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí ìkànnì tí Internet Explorer kọ̀. Ẹ fi ṣe fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe títí láé. Ìkànnì Mozilla nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Ẹni tó bá fún yín ní “Chrome tuntun fún Windows 7” nínú fláàṣì, fáírọ́ọ̀sì ló ń fún yín.

Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ṣùgbọ́n Microsoft fún kọ̀ǹpútà ara ẹni ní àfikún àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yà 22H2, èyí tí winver yóò fi hàn, kí ẹ sì ní àkáǹtì Microsoft. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, kí ẹ wá Enroll now.

Ọ̀rọ̀ Windows 11 ni mo ní ìjà pẹ̀lú Microsoft lé lórí. Ó ní àfi TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò inú ẹ̀rọ, àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹjọ sókè. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8250U jẹ́ ìkẹjọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni kí ẹ wò. Èyí àkọ́kọ́ yẹn ṣì lágbára tó láti tẹ ìwé, wọ́n kàn tì í síta ni. Àwọn kan ń fi Rufus, ètò tó ń kọ Windows tàbí irú rẹ̀ sínú fláàṣì, fi tipátipá gbé Windows 11 wọlé, ṣùgbọ́n Core 2 Duo, ọpọlọ Intel àtijọ́, kò ní tàn rárá lórí ẹ̀yà 24H2 rẹ̀, torí kò ní àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní POPCNT tí 24H2 ń béèrè.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Linux Mint Xfce, ètò tó ń rọ́pò Windows, ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni. RAM 2GB ló kéré jù, 4GB ló dára. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 64-bit. Bí hádìdísíìkì àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ tó yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ibẹ̀ gan-an ni ìlọ́ra ti ń wá. Bó bá jẹ́ RAM lẹ fẹ́ fi kún un, DDR4 kò wọ ihò DDR3, nítorí náà ẹ mú ti inú rẹ̀ dání lọ sọ́jà.

Ẹ kó ìwé, fọ́tò àti páàsìwọ́ọ̀dù yín sí ibòmíràn. Fún Mint, fláàṣì 8GB mìíràn tó. Gbogbo ohun tó wà nínú fláàṣì yìí yóò parẹ́. Rufus 3.22 ló kẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, ẹ má fi ti tuntun jà. Ẹ fi Rufus kọ Mint sínú fláàṣì, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ F9 lórí HP, F12 lórí Dell àti Lenovo, kí ẹ mú fláàṣì. Mint yóò ṣí láìtíì fọwọ́ kan Windows. Ibí yìí ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti púríntà wò ná. Púríntà HP kì í sábà ṣòro. Canon LBP àtijọ́ ló máa ń ṣe agídí. Bí Wi-Fi Broadcom bá kọ̀, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn fún íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí Driver Manager. Ìgbà tó bá gbà tán ni kí ẹ tó tẹ Install, pẹ̀lú bátìrì tó kún, torí iná tó bá lọ láàárín lè sọ ẹ̀rọ di aláìní Windows, aláìní Mint. “Erase disk” kò ní dá fáìlì kankan sí.

LibreOffice inú Mint ń ṣí ìwé Word. Àtẹ bọ́tìnì Yorùbá náà wà níbẹ̀, nínú Keyboard, lábẹ́ Layout. Ó yẹ kí àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá láìsí àmì ohùn gbọ́ ìyẹn.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ CorelDRAW kò lè ṣí lọ sí Mint bẹ́ẹ̀ yẹn. Kí ó fi Windows 7 rẹ̀ sílẹ̀ fún yíyàwòrán nìkan, kí ó pa Wi-Fi rẹ̀, kí ó máa fi fláàṣì kó iṣẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fódà oníbàárà bá di ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tì lójijì lórí fláàṣì, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, kí ó má tẹ̀ ẹ́. Kí ó má sì wọ àkáǹtì báǹkì lórí ẹ̀rọ náà láé.

Èmi ni tiyín,
Alátùn-ún-ṣe kọ̀ǹpútà kan,
Kútọ̀, Abẹ́òkúta.